Bí Àgbà Ṣe Lè Máa Dá Dìde

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà ni orúnkún ń dùn. Bí wọ́n bá jókòó, ó di kí wọ́n ké pe ọmọ kí wọ́n tó lè dìde. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọn a di ilẹ̀kùn mú gírígírí. Òmíràn kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Òmíràn kò lè lóṣòó ti iná. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n, wọn a ní, "Àgbà ló dé. Làkúrègbé ni."

Òótọ́ ni pé àgbà ti dé. Òótọ́ sì ni pé làkúrègbé wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àìlera yìí ni ọjọ́ orí mú wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ìjókòó ló mú un wá. Èyí tí ìjókòó bá mú wá, a lè fi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lé e padà. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín nìyẹn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ORÍKÈÉ

Ibi tí egungun kan bá ti pàdé èkejì ni à ń pè ní oríkèé. Orúnkún jẹ́ oríkèé. Ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ oríkèé. Ìbàdí, ọrùn ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀ àti ìka, gbogbo wọn ló ní oríkèé.

Bí ẹ bá ti ra ẹsẹ̀ màlúù lọ́jà rí, ẹ ó ti rí i pé orí egungun rẹ̀ funfun, ó sì ń dán. Ohun funfun yẹn ni kèrékèré. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Omi díẹ̀ tún wà láàárín wọn tí ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà tí a bá ń rìn, kèrékèré àti omi yìí ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ geerege.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, kèrékèré lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá sanra jù, tàbí tí ó ti fi orúnkún ṣèṣe rí, tàbí tí ó ti fi ọdún púpọ̀ ru ẹrù wúwo, ó lè yára jẹ. Nígbà náà ni oríkèé yóò máa dùn. Yóò máa le bí ènìyàn bá jí láàárọ̀. Bí ẹ bá ká a, ó lè máa dún. Irú àrùn oríkèé yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn àgbà.

Irú mìíràn tún wà. Nínú èyí, ara fúnra rẹ̀ ni ó ń bá oríkèé jà. Àwọn ìka ọwọ́ méjèèjì lè wú, kí wọ́n sì gbóná, kódà lára ẹni tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Irú èyí ń fẹ́ oògùn dókítà. Iṣẹ́ tí ń mú iṣan le dára fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oògùn ni kí ó ṣáájú.

IṢAN NI OKÙN, EGUNGUN NI ÒPÓ

Egungun kì í dá dúró. Iṣan àti ẹran ara ló mú un dúró. Ẹ wo àtíbàbà tí wọ́n ta fún ìnáwó. Okùn tí wọ́n fi fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún ni kò jẹ́ kí òpó rẹ̀ ṣubú. Bí okùn bá dẹ̀, òpó yóò máa mì. Bí òpó bá ń mì, ìdí rẹ̀ yóò máa gbò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹran itan ṣe rí sí orúnkún.

Láti nǹkan bí ọmọ 30 sí 40 ọdún ni ẹran ara ènìyàn ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kọjá 60 ọdún, ó ń yára sí i. Bí ènìyàn kò bá wá lo èyí tí ó kù, kíákíá ni yóò lọ. Àdá tí a gbé sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a kò lò, ṣebí dídípẹtà ló ń dípẹtà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Orúnkún ń dun ìyá kan. Nítorí náà, ìyá kò fẹ́ dìde. Nítorí pé kò dìde, ẹran itan rẹ̀ gbẹ. Nítorí pé ẹran itan gbẹ, gbogbo ẹrù ara bọ́ sórí oríkèé. Oríkèé wá ń dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá sì tún jókòó sí i. Báyìí ni ìrora ṣe ń bí ìjókòó, tí ìjókòó náà sì ń bí ìrora. Ibi tí a ti lè já okùn yìí ni iṣan. Kèrékèré tí ó ti jẹ kì í hù padà bí èékánná. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó ti rọ̀ lè le padà.

ṢÉ IṢAN ARÚGBÓ TÚN LÈ LE?

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọmọdé ni irú èyí wà fún." Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n mú arúgbó 10 ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni 86 ọdún. Èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ẹni 96 ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù sókè, kí wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀, ní ìgbà 3 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí agbára oníkálukú bá ti ń pọ̀ sí i, wọn a fi kún ẹrù rẹ̀. Ẹni 9 ló ṣe é dé òpin. Agbára ẹsẹ̀ wọn lé ju ìlọ́po 2 lọ. Àwọn 2 nínú wọn kò tún lo ọ̀pá ìtilẹ̀ mọ́ láti rìn.

Ní ọdún 1997, àwọn dókítà mìíràn ní Amẹ́ríkà sọ ti àwọn ènìyàn 439 tí wọ́n ti tó 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ni orúnkún ń dùn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà 3. Àwọn kan ń rìn. Àwọn kan ń gbé ẹrù láti mú iṣan le. Àwọn yòókù ń gba ẹ̀kọ́ nípa ìlera nìkan. Lẹ́yìn oṣù 18, ìrora àwọn tí ń rìn àti àwọn tí ń gbé ẹrù dín ju ti àwọn tí ń gba ẹ̀kọ́ nìkan lọ. Iṣẹ́ ilé sì rọrùn fún wọn jù. Ìrora náà kò tán pátápátá. Ó dín kù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ti ń dùn mọ̀ pé díẹ̀ tí ó bá dín kù kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nítorí irú ẹ̀rí báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gbani nímọ̀ràn ní ọdún 2020 pé, ẹni tí ó bá ti tó 65 ọdún, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

"MO Ń LỌ SÓKO, ṢÉ ÌYẸN KÒ TÓ?"

Ìbéèrè yìí dára. Iṣẹ́ oko dára fún ara. Ó sàn ju ìjókòó lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ro oko, ẹ̀yìn kan náà ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Ẹni tí ó ń ru igi, ọrùn kan náà àti orúnkún kan náà ló ń gba ẹrù lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ń bi orúnkún léèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tí a ń sọ yìí yàtọ̀. Ẹ ó mú iṣan kan, ẹ ó fún un ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ ó jẹ́ kí ó sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi díẹ̀ kún un. Ìsinmi yẹn gan-an ni iṣan fi ń le. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní ṣe é lójoojúmọ́.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀láǹdìde, tí ìbàdí sì ń dùn ún, kò gbọdọ̀ dá bẹ̀rẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ lè ti bàjẹ́.

Àwọn kan wà ní ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ́ni bí a ṣe ń lo iṣan àti oríkèé. Físíò ni à ń pè wọ́n. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ irú wọn láti ọdún 1966. Ẹ lè rí wọn ní ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, ní Èkó, àti ní UCH ní Ìbàdàn, àti ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá mìíràn.

IṢẸ́ 6 TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

1. Dídìde láti orí àga. Ẹ gbé àga tí ó le ti ògiri kí ó má bàa yẹ̀. Ẹ jókòó síwájú díẹ̀. Ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ tẹ̀ síwájú. Ẹ dìde. Ẹ wá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe já lulẹ̀ bí àpò gàrí. Jíjókòó pẹ̀lẹ́ yìí ń fún itan lágbára gẹ́gẹ́ bí dídìde. Bí ó bá ṣòro, ẹ ká aṣọ nípọn lé orí àga kí ó lè ga, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ti apá àga. Tí ó bá yá, ẹ ó mú aṣọ náà kúrò. Tí ó bá tún yá, ẹ ó ká ọwọ́ yín sí àyà.

2. Nína ẹsẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn dáadáa lórí àga. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú títí yóò fi gún. Ẹ ka 1 dé 5. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe ti ẹsẹ̀ kejì. Ẹran itan iwájú ni èyí wà fún, òun sì ni olórí ẹ̀ṣọ́ orúnkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lè rọ yanrìn ìdajì kílò sínú àpò kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀.

3. Gígbé gìgísẹ̀. Ẹ dúró, ẹ di ojú fèrèsé tàbí ẹ̀yìn àga tí ó wúwo mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè bí ẹni tí ó fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

4. Títi ògiri. Ẹ dúró níwájú ògiri. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn. Ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ kí àyà súnmọ́ ògiri. Ẹ wá ti ara yín padà. Èyí wà fún apá, àyà àti èjìká. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá lágbára, bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ yọ̀, yóò lè di nǹkan mú.

5. Fífa rọ́bà. Ẹ wá rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí kò tíì là. Ẹ wọ bàtà. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi àárín rọ́bà náà kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹ fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ ikùn bí ẹni tí ń fa omi nínú kànga. Ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ni èyí ń mú le.

6. Ìdúró ṣinṣin. Ẹ dúró ti ògiri. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ọmọ ìka ti ẹ̀yìn. Ẹ ka 1 dé 10. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀. Èyí kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè ṣubú. Ẹ mọ̀ pé ìṣubú kan ṣoṣo lè ṣẹ́ egungun ìbàdí àgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 5 péré. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi pé ìgbà 8, lẹ́yìn náà ìgbà 12. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 2, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti ìdúró ṣinṣin nìkan ni kò nílò ju ìgbà 3 ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín. Bí àpẹẹrẹ, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì.

Bí ìgbà 12 bá ti rọrùn jù, ẹ̀rí ni pé iṣan ti le. Ẹ fi díẹ̀ kún ẹrù. Bí iṣẹ́ kò bá nira rárá, iṣan kò ní ìdí tí yóò fi le. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kánjú. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 8 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀ gidi.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ má di èémí mú. Dídi èémí mú ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ máa ka iye rẹ̀ sókè. Ẹni tí ń kàwé sókè kò lè di èémí mú.

ÌRORA TÍ A LÈ FARADÀ ÀTI ÌRORA TÍ Ó Ń KÌLỌ̀

Ohun tí ń ba àgbà lẹ́rù jù nìyí. Wọn a ní, "Ó ń dùn mí, ẹ tún ní kí n lò ó?" Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀.

Bí itan bá ń ro yín díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí ẹni tí ó lọ sóko lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, kò burú. Iṣan ló ń sọ pé òun ṣiṣẹ́. Bí orúnkún bá ń dùn díẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é, tí ó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ lè máa bá a lọ.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí orúnkún ṣì ń dùn ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti ṣe jù. Ẹ má jáwọ́ pátápátá. Ẹ dín in kù. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 10 ni ẹ ṣe é, ẹ padà sí ìgbà 5.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí èémí kò bá délẹ̀. Bí oríkèé kan bá ṣàdédé wú, tí ó gbóná, tí ibà sì wà lára, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn kì í ṣe làkúrègbé lásán.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ìrora tí wọ́n ń tà káàkiri nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì. Ó lè pa ìrora lónìí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ láìsí ìmọ̀ dókítà, ó lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

OÚNJẸ TÍ Ń MÚ IṢAN LE

A kì í fi omi nìkan mọ ilé. Ó ní láti ní amọ̀. Àgbà tí ó ń jẹ ẹ̀kọ tútù láàárọ̀, tí ó tún jẹ àmàlà lálẹ́ láìsí ẹran tàbí ẹja, kò ní amọ̀ tí yóò fi kọ́ iṣan. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, wàrà àti ẹran dára. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn máa wà nínú oúnjẹ yín lójoojúmọ́. Bí eyín kò bá sí mọ́, ṣebí mọ́ínmọ́ín kò nílò eyín.

Ẹni tí ó bá sanra jù, kí ó dín òkèlè kù. Kílò 1 tí ó bá kúrò lára, nǹkan bíi kílò 4 ni ó kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹlẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣeun tí ẹ ń tọ́jú àwọn òbí yín. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kan wà tí ń pa àgbà lára. Bí Bàbá bá fẹ́ mu omi, ẹ ti sáré gbé e dé. Bí Màmá bá fẹ́ dìde, ẹ ti gbá a mú lábẹ́ apá, ẹ ti gbé e sókè. Bí ẹ ti ń gbé e sókè, iṣẹ́ tí itan rẹ̀ ìbá ṣe ni ẹ gbà ṣe. Bí ẹ bá gbà á ṣe fún oṣù mẹ́fà, itan náà yóò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò tún ní lè dá dìde. Yóò máa retí yín kí ó tó lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí àgbà tí irú èyí dùn mọ́.

Ẹ ṣe báyìí dípò rẹ̀. Ẹ di àga mú kí ó má yẹ̀. Ẹ dúró nítòsí. Ẹ bá wọn kà á, "Ó di ẹẹ́ta, Màmá. Ó di ẹẹ́rin." Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ ya ìlà sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sí i. Nígbà tí Màmá bá rí i pé ìgbà 5 ti di ìgbà 12, kò sí ẹni tí yóò tún máa bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni kèrékèré ń ṣe nínú oríkèé?
2. Kí ló dé tí orúnkún fi ń dùn sí i bí ènìyàn bá ń jókòó jù?
3. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí á ṣe iṣẹ́ tí ń mú iṣan le? Kí ló dé tí kì í ṣe ojoojúmọ́?
4. Kí ni kí ẹ ṣe bí orúnkún bá ṣì ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì?
5. Ẹ wo àga kan nínú ilé yín. Ìgbà mélòó ni ẹ lè dìde lórí rẹ̀ láìfi ọwọ́ tì í? Ẹ kọ iye náà àti ọjọ́ òní sínú ìwé yín. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, kí ẹ kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.